Nígbà Tí Wọ́n Pa Ẹ̀sọ̀ Layé Lẹ́nu Mọ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, kí ẹ sì pa fóònù yín tì. Èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín pé ìyá àgbà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiwọn, kó yáa rín in tán báyìí, torí mi ò ní í dá ọ̀rọ̀ dúró fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ tuntun tí Kúnlé gbé wọ agbolé yìí láàárọ̀ ló fà á. Mo ń já ewé lẹ́yìnkùlé, mo kàn ní kí n yíjú padà, ọkọ̀ ti dé ìdí mi! Mi ò gbọ́ ìró, mi ò gbọ́ ìkùn. Ó ń yọ́ bọ̀ bí ológbò tó rí ẹja. Mo ní, "Kúnlé, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ó ní, "Ẹ má bínú mà, ọkọ̀ tó dáa kì í pariwo." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, òun ò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn gan-an, díẹ̀ ló kù kó gba ọkọ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọmọge.

Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí, kí n tó wá di ará Mowé níbí. Ifọ̀ ìgbà yẹn kì í ṣe Ifọ̀ tí ẹ ń gbà kọjá báyìí tí ẹ ń di imú nítorí èéfín. Ó tó ọdún mélòó kan kí òmìnira tó dé. Ilé wa ò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè ní ìdájí, a ò tún wá àkùkọ kiri. Lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin, bọ́lẹ̀kájà ló kù, àwọn ọkọ̀ onípákó tó ń kó ọsàn, obì àti èèyàn lọ sí Èkó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní orúkọ tí wọ́n kọ síwájú orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ pè mí ní òpùrọ́: a máa ń dá ohùn wọn mọ̀ láti òkèèrè. Bí mo bá wà nídìí ààrò, tí mo gbọ́ ọkọ̀ kan tó ń wúkọ́, màá ní, "Ọkọ̀ onílé òdìkejì nìyẹn." Bí mo bá gbọ́ tà-kà-tà-kà, tà-kà-tà-kà, màá yára gbé ọbẹ̀ kaná, torí ọkọ̀ ìyá mi ló ń bọ̀. Kí ó tó dé gáréèjì, ọbẹ̀ á ti hó.

Ọlọ́sàn ni ìyá mi. Bàbá mi ti kú, òun nìkan ló ṣiṣẹ́ títí tó fi ra ọkọ̀ àlòkù kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Búráímọ̀, ló sì ń wà á. Ẹ̀sọ̀ Layé ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ rere ni, àmọ́ Búráímọ̀ tó ń wa ọkọ̀ náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀sọ̀. Adìẹ Ifọ̀ mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ti gbọ́ tà-kà-tà-kà rẹ̀, wọ́n á kúrò lójú títì kí ẹnikẹ́ni tó lé wọn.

Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ náà ni Làmídì, mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ìyeyè nítòsí gáréèjì. Ọmọ Mowé ni. Kò tíì sí òpópónà márosẹ̀ nígbà náà, kò sí Arépo onílé ńláńlá, ibi tí ẹ ń pè ní Lotto yìí, igbó ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Mowé tàbí Ìbàfọ̀, ọ̀nà oko ló máa tọ̀, á sì mú àdá dání. Làmídì kúrò ní oko bàbá rẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì l'Ékòó, ó wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ifọ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín sínú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún Búráímọ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tó yá, kódà tí Búráímọ̀ ò bá sí níbẹ̀, mo ṣáà ń gbé oúnjẹ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ fáàfù. Inú ẹ̀ńjìnnì ní àwọn ilẹ̀kùn irin kéékèèké. Àwọn kan ń ṣí kí atẹ́gùn àti pẹtiróòlù lè wọlé, àwọn kan ń ṣí kí èéfín lè jáde. Apá irin kan tí wọ́n ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì ló ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣí. Ṣùgbọ́n ààyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín apá yẹn àti ilẹ̀kùn, torí irin a máa wú tó bá gbóná. Bí kò bá sí ààyè, ilẹ̀kùn ò ní í lè padé, agbára ẹ̀ńjìnnì á máa gba ibẹ̀ sá lọ, iná á sì jó ètè ilẹ̀kùn náà. Ààyè bíńtín yẹn ló ń mú kí ẹ̀ńjìnnì máa sọ̀rọ̀. Làmídì gé agolo sìgá kan, ó fi ayùn-irin ha á títí ó fi fẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́, ìyẹn ló fi ń wọn ààyè náà. Inú fìlà rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bó bá ki agolo náà bọ ààyè yẹn, tó há díẹ̀, tó sì yọ́ jáde, á mi orí, ó ti tó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìgbà tó bá tú fáàfù sílẹ̀ pátápátá láti lọ̀ wọ́n. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ihò tirẹ̀, a kì í sì í gbé ti ihò kan sí òmíràn. Méjìlá ni wọ́n nínú ẹ̀ńjìnnì Ẹ̀sọ̀ Layé. Kí ni Làmídì ṣe? Ó lọ yá ọpọ́n ayò àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi kejì, ó kó fáàfù méjìlá sínú ihò méjìlá, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ̀ńjìnnì. Ẹ gbọ́ igbe àwọn bàbá! "Làmídì, o tún ti fi gíríìsì ba ọpọ́n wa jẹ́! Ọmọ ayò ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa bí ẹja!" Á dọ̀bálẹ̀, á bẹ̀ wọ́n, á fi kẹrosíìnì nu ọpọ́n náà. Tó bá di oṣù mìíràn, á tún yá a. Bó bá ti tò wọ́n tán, á mú fáàfù kan, á fi ọ̀dà ìlọ̀ sí i létí, á sì máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ṣìrì-ṣìrì, ṣìrì-ṣìrì, títí etí rẹ̀ á fi mọ́ roro. Mo lè jókòó ti ìró yẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Kò pẹ́ tí gbogbo gáréèjì fi mọ̀ pé kì í ṣe ọbẹ̀ nìkan ni mò ń gbé lọ sí abẹ́ igi ìyeyè. Àwọn èèyàn Làmídì wá láti Mowé, wọ́n gba Ìbàfọ̀ wá, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan lágbàlá wa. Ìyá mi gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn lóúnjẹ, ó ní òun á fún wọn lésì lẹ́yìn Iléyá. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbọ́ tó ń sọ fún Búráímọ̀ pé, "Ọmọ náà mọṣẹ́, ó sì níwà. Ṣùgbọ́n ó tutù jù. Bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà, ohun tó mọ̀ ọ́n wí nìyẹn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò mú ọmọ mi lọ sínú igbó Mowé, tí ará, ojúlùmọ̀ àti ìyekan á máa tì í kiri?" Oorun dá lójú mi. Mo fẹ́ràn Làmídì débi pé tó bá na sípánà sí mi pé kí n bá òun dì í mú, inú mi á máa dùn títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a láre. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ kì í bá ìyá ọmọ jiyàn. Bí àna rẹ bá ní kí o gbé odó, o ò gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ọlọ fúyẹ́ jù ú lọ. O máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni, o máa ní, "Mo gbọ́ mà." Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ìyá ìyàwó yín lórí fóònù, tí ẹ ń ní "Mummy, it's not possible," ẹ̀yin ò mọ ohun tí à ń wí.

Iléyá ọdún náà dé. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn onímọ́tò Ifọ̀ máa ń sáré ìje. Wọ́n á gbéra ní gáréèjì, wọ́n á sáré dé abúlé kan lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n á sì padà wálé. Àwọn obìnrin á kún inú ọkọ̀, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa bú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kejì. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀. Baálẹ̀ abúlé náà máa ń se ìrẹsì àti ẹran Iléyá dè wọ́n, kò sì sí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ yí padà àyàfi bí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ bá jẹun. Ẹni tó bá kọ ẹran Iléyá, ó kọ ẹni tó fún un. Eré ìje tí wọ́n ń dúró jẹun láàárín rẹ̀! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó dùn ju tiyín lọ. Àwọn awakọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun wọn ni wọ́n fi ń gba ipò kìn-ín-ní.

Bàbá Ráímì ló ni ọkọ̀ tó máa ń bá tiwa figagbága. Má Fòyà ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Iléyá gan-an ló dúró láàárín gáréèjì, tó gbé ohùn sókè pé, "Ìyá Ọlọ́sàn, ṣé ẹ̀gúsí lọkọ̀ yín ń ṣẹ́ ni? Láti Agége ni mo ti ń gbọ́ ọ!" Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín yẹn, orí ahọ́n lásán ni. Ó gba abẹ́ igi ìyeyè lọ tààrà.

Ó ní, "Làmídì, bá mi pa ọkọ̀ yìí lẹ́nu mọ́. Ọkọ̀ tó dáa kì í pariwo."

Làmídì ti dọ̀bálẹ̀. Mo rí i tó la ẹnu, tó tún pa á dé. Ó ní, "Mo gbọ́ mà."

Ó sì fún gbogbo tápẹ́ẹ̀tì pọ̀ gírígírí, kò fi ààyè kankan sílẹ̀. Ní ọjọ́ Iléyá, Ẹ̀sọ̀ Layé gbé wa lọ sí yídì láìkùn, láìmì. Àwọn èèyàn ń yà fún un, wọ́n ń ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, ẹ kú oríire, ọkọ̀ yín ti di ti gómìnà!" Ìyá mi gbé orí sókè lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ọ̀nà yídì ò jìn, irin ò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Èmi tí mo ti fi etí mi jẹ ohùn ọkọ̀ yẹn dàgbà ni mo gbọ́ ọ. Nígbà tí à ń darí bọ̀, mo gbọ́ mímí kan, fúù, fúù, bí ẹni tí ikọ́ dí láyà.

Mo lọ bá Làmídì nírọ̀lẹ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Làmídì, kí lẹ ṣe fún ọkọ̀ wa?"

Ó ní, "Ohun tí ìyá rẹ ní kí n ṣe ni."

"Ṣé ó dáa?"

"Kò dáa. Tó bá sáré lọ́nà jíjìn, á rẹ̀ ẹ́. Fáàfù á sì jóná."

"Ẹ̀yin wá dákẹ́?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá kọ̀ fún ìyá rẹ, wọ́n á ní mi ò gbẹ̀kọ́. Wọn ò ní í fún mi ní ìwọ."

Mo ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó yé yín." Mo bínú kúrò níbẹ̀, mo sì sunkún lójú ọ̀nà, torí mo mọ̀ pé tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá mi ò ní í wo ojú rẹ̀ mọ́ láé.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Búráímọ̀, àwa obìnrin wà lórí pákó lẹ́yìn, Làmídì náà wà pẹ̀lú wa nínú bùbá funfun Iléyá rẹ̀, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ju aṣọ sílẹ̀ pé ká máa lọ, ọkọ̀ méjèèjì gbéra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a wà níwájú! A ń kọrin, a ń ju ìdí sí Má Fòyà. Kò pẹ́ ni Ẹ̀sọ̀ Layé bẹ̀rẹ̀ sí í mí gùlegùle. Búráímọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó yìnbọn nídìí, gbàù! Àwọn obìnrin dákẹ́ orin. Má Fòyà kọjá lára wa, Bàbá Ráímì sì gbé fìlà rẹ̀ sókè, ó fi kí ìyá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí a fi wọ́ dé abúlé, àwọn tiwọn ti ń fọ ọwọ́ láti jẹun.

Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi nìkan ni kò sọ̀, ojú tì í, inú ọkọ̀ ni wọ́n gbé oúnjẹ tirẹ̀ bá a. Làmídì ò lọ sídìí oúnjẹ. Ó wá síwájú ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ tú tápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ díẹ̀."

"Kó tún máa pariwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Mo ní rárá."

Kò dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ ọ́: "Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní í gbà."

Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi rọra tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ní, "Kí lo wí?"

"Mi ò ní í gbà mà. Ọkọ̀ yín ń kú lọ. Tí ẹ bá ní ẹ ò fún mi lọ́mọ mọ́, ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi ọwọ́ ara mi pa ohun tí ẹ fi ọsàn jọ." Ó sì dìde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìyá mi yíjú sí igbó.

Ẹ̀ńjìnnì gbóná bí ààrò. Làmídì ká apá aṣọ sókè, ó yọ ègé agolo rẹ̀ nínú fìlà, ó ń ki í bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tú, ó ń fún, iná irin ń jó o níka, ó ń sọ pé "Yéè" lábẹ́lẹ̀. Àfi bí ìyàwó Baálẹ̀ ṣe dé, tó gbé àwo dání. Ó ní, "Mẹkáníìkì, o ò tíì jẹun. Ọkọ̀ yìí ò ní í kúrò níbí." Làmídì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, epo dúdú kún un dé ìgunwọ́. Tó bá lọ fọ ọwọ́, tó jẹun, tó tún padà wá, Má Fòyà á ti délé.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo gba àwo náà. Mo bu ìrẹsì, mo fi ẹran lé e lórí, mo ní, "Ẹ yanu." Ó yanu. Mo fi sí i lẹ́nu. Ó ń jẹ, ó ń wọn tápẹ́ẹ̀tì, mo tún bu òmíràn. Ọmọge tí wọn ò tíì gbé níyàwó, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọkùnrin lójú ìyá rẹ̀ àti ní gbangba abúlé! Àwọn obìnrin figbe ta, àwọn kan ń bú mi, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Ìyàwó Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú. Mi ò wo iwájú ọkọ̀ rárá. Mo bọ́ ọ títí àwo fi gbẹ, òun náà sì de ìdérí ẹ̀ńjìnnì padà.

Búráímọ̀ yí i. Tà-kà-tà-kà! Háà, ẹ̀yin ọmọ, ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ ohùn ẹni tó ti rìnrìn àjò. Má Fòyà ti ṣíwájú wa, ṣùgbọ́n lórí òkè kan ni a lé e bá. Àwọn obìnrin sọ ohùn tápẹ́ẹ̀tì di orin, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá pákó tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń kọjá lára wọn, ìyá mi, tí kò tíì fọhùn láti abúlé, yọ orí síta, ó pariwo pé, "Bàbá Ráímì! Ẹ̀gúsí ti pọ̀ o, ẹ wá bá wa ṣẹ́ ẹ!"

À bá jẹ wọ́n tán ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ibi tí títì ti kọjá lórí ojú irin, olùṣọ́ ti ti géètì, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Má Fòyà sáré dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, imú sí imú. Títí dòní, ará Ifọ̀ kan ò lè sọ fún yín ẹni tó jẹ nínú eré ọdún náà. Ọkọ̀ ojú irin gùn, ó ń lọ, ó ń lọ, gbogbo èèyàn bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó pe Làmídì. Làmídì tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ funfun ti di aṣọ alágbẹ̀dẹ. Ìyá mi dúró lé e lórí, ó ń wò ó. Èmi wà lẹ́yìn.

Ó ní, "Dìde. Ìgbà mìíràn tí mo bá ní kí o ṣe ohun tí kò dáa, tètè dọ̀bálẹ̀, kí o sì tètè kọ̀. Má dúró dìgbà tí mo bá dójú ti ara mi tán."

Ó ní, "Mo gbọ́ mà."

Ìyá mi wá yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ìwọ aláìnítìjú yìí, lọ bu omi wá. Ṣé bí ọkọ rẹ ṣe máa wọ̀lú nìyẹn, pẹ̀lú epo lọ́wọ́ àti ìrẹsì nírùngbọ̀n?"